Kẹ̀kẹ́ oníná tó ń sáré máìlì 28: ṣé kẹ̀kẹ́ ni lójú òfin, àbí alùpùpù?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, apá Lewisham ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Bọ́ọ̀sì méjì ni mò ń wọ̀, bí mo bá sì ṣe iṣẹ́ òru, ó máa ń tó wákàtí kan àtààbọ̀ kí n tó délé. Àbúrò mi tó wà ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, fi fọ́tò kẹ̀kẹ́ oníná rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ó ń sáré tó máìlì 28 láàárín wákàtí kan, kò sì gba láísẹ́ńsì kankan. Mo ti rí irú rẹ̀ níbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, £1,150. Ẹni tó ń tà á ní bí mo bá fẹ́, òun á “ṣí” i fún mi kó lè máa sáré dáadáa. Ṣé mo lè máa gùn ún lọ síbi iṣẹ́?

Ìdáhùn: Àbúrò yín kò purọ́. Ẹni tó fẹ́ ta kẹ̀kẹ́ fún yín ni kò sọ òótọ́ tán.

Láti 2019 ni òfin Texas ti pín kẹ̀kẹ́ oníná sí ipele mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́ ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ títí dé máìlì 20 láàárín wákàtí kan. Ìkejì lè máa dá lọ láìjẹ́ pé ẹ fẹsẹ̀ wà á, àmọ́ 20 náà ni kò gbọdọ̀ kọjá. Ìkẹta ni ti àbúrò yín: bí ẹsẹ̀ bá ṣì ń wà á, ẹ̀rọ rẹ̀ á máa ràn án lọ́wọ́ títí dé 28. California ti ṣe irú òfin yìí ní 2015, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló sì ti wò ó ṣe látìgbà náà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n lójú òfin níbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ wọn kò bá ti tó wáàtì 750. Kò sí nọ́ńbà, kò sí láísẹ́ńsì.

Ẹ wá gbé kẹ̀kẹ́ kan náà sínú bàálù, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ní Heathrow. Bó ṣe fẹsẹ̀ kanlẹ̀, ó ti di alùpùpù. Nọ́ọ̀tì kan kò yí padà lára rẹ̀ o. Ilẹ̀ tó bọ́ sí ló yàtọ̀.

Níbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ipele mẹ́ta. Kẹ̀kẹ́ wà, ọkọ̀ ẹ̀rọ wà, ó parí. Kẹ̀kẹ́ oníná tí òfin gbà pé kẹ̀kẹ́ ni, EAPC ni wọ́n ń pè é. Láti 1983 ni òfin yẹn ti wà. Nígbà náà, ẹ̀rọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì kò gbọdọ̀ ju wáàtì 200 lọ, kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wúwo ju kílò 40 lọ. Ní 2015 ni wọ́n tún un ṣe, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ìwúwo kúrò, wọ́n sì gbé agbára ẹ̀rọ lọ sí 250. Ohun tí wọ́n ń béèrè lónìí kò pọ̀. Kẹ̀kẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní pẹ́dà tó lè gbé e lọ. Agbára ẹ̀rọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju wáàtì 250 lọ. Bí ó bá sì ti dé máìlì 15 àtààbọ̀ láàárín wákàtí kan (kìlómítà 25 nìyẹn), ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dákẹ́, kó fi yín sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ yín. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 14 lè gùn ún. Kò gba láísẹ́ńsì, kò gba nọ́ńbà, kò gba owó orí ọkọ̀, kò gba ìnṣọ́ránsì. Ibi gbogbo tí kẹ̀kẹ́ lásán lè gbà, òun náà lè gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí 15 àtààbọ̀ yẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́. Òfin kò ní kí ẹ má sáré kọjá rẹ̀. Ohun tó ní ni pé kí ẹ̀rọ má bá yín dá sí i. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti orí òkè Shooters Hill, tí kẹ̀kẹ́ ń ṣàn bí omi, tí ẹ sì wo ojú rẹ̀ tí ẹ rí 30, kò sí ọlọ́pàá tó lè sọ pé kẹ̀kẹ́ yín ti di alùpùpù. Ìdagẹ̀rẹ̀ ló gbé yín. Àní, èyí á ya yín lẹ́nu: pátákó òpin eré máìlì 20 tí ẹ ń rí káàkiri àdúgbò Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ ẹ̀rọ ló ń bá wí, kò bá kẹ̀kẹ́ wí. (Èyí kò ní kí ẹ máa wa ìwàkuwà o. Ẹjọ́ ìwàkuwà tiẹ̀ wà fún kẹ̀kẹ́ náà, lọ́tọ̀.) Ẹ fi ọ̀rọ̀ 20 yìí sọ́kàn, mo ṣì ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Wáàtì 250 náà máa ń da èèyàn láàmú. Ẹ ó rí kẹ̀kẹ́ tó bófin mu, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rọ rẹ̀ lè fa wáàtì 600 tí ẹ bá ń gun òkè. Irọ́ kọ́. 250 tí òfin ń sọ ni agbára tí ẹ̀rọ lè máa lò lọ láìsinmi láìgbóná jù. Agbára tó lè fi fà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí òkè, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní 250 kò lè gbé yín gun òkè Plumstead, ẹ bi í bóyá ó ti gun ọ̀kan rí.

Ó ku ti ọwọ́ tí à ń lọ́, bí ti ọ̀kadà, tí kẹ̀kẹ́ á fi máa lọ láìsí pé ẹ fẹsẹ̀ wà á. Kẹ̀kẹ́ tuntun tí wọ́n tà láti January 2016 wá, bí ọwọ́ rẹ̀ bá lè gbé e kọjá kìlómítà mẹ́fà láàárín wákàtí kan (bí èèyàn ṣe ń yára rìn ni), ó gbọ́dọ̀ ní ìwé àyẹ̀wò ìjọba kí ó tó bọ́ sí títì. Ọ̀pọ̀ àwọn olówó pọ́ọ́kú orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kò ní ìwé yẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo “ṣíṣí” tí ọ̀gbẹ́ni yẹn ń sọ. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ló wà nínú kẹ̀kẹ́ tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó dákẹ́ ní 15 àtààbọ̀. Wọ́n lè fi áàpù orí fóònù yí i padà, tàbí kí wọ́n tẹ bọ́tìnì méjì pọ̀ lójú kẹ̀kẹ́. Wọ́n á wá kọ ọ́ sí abẹ́ ìpolówó pé orí ilẹ̀ àdáni nìkan ni kí ẹ ti lò ó. Ọ̀rọ̀ yẹn gba ẹni tó ń tà á là, kò gba ẹ̀yin là. Òfin ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ kò mọ sórí títì nìkan, gbogbo ibi tí ará ìlú ń gbà ló wọ inú rẹ̀. Ibi ìgbọ́kọ̀sí iwájú ṣọ́ọ̀bù pàápàá lè wà nínú rẹ̀. Àfi bí ẹ bá ní oko tiyín ní Kent, tí ará ìlú kì í gbà.

Ẹ̀tàn mìíràn ni ti sítíkà. Ọmọkùnrin kan tó ń gbé oúnjẹ kiri gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá fún mi ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó ní ó ń gbóná. A kọ 250W gàdàgbà sí ara ẹ̀rọ rẹ̀. Mo fi èékánná họ ọ́ díẹ̀, sítíkà náà ṣí, 1000W jókòó sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Kò mọ̀. Ó ti fi oṣù mẹ́jọ gun alùpùpù tí kò ní nọ́ńbà kọjá níwájú ọlọ́pàá, ó sì rò pé kẹ̀kẹ́ lòun ń gùn. Àìmọ̀ rẹ̀ kò lè gbà á sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì, torí òfin kò bi ẹni tó wà á bóyá ó mọ̀.

Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí yín nìyí bí wọ́n bá dá yín dúró. Kẹ̀kẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò dákẹ́ ní 15 àtààbọ̀, ọkọ̀ ẹ̀rọ ni. Ọkọ̀ ẹ̀rọ tí kò ní ìnṣọ́ránsì, ọlọ́pàá lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú ẹsẹ̀. Abala 165A nínú òfin ìrìnnà 1988 ló fún wọn láṣẹ. Ọlọ́pàá City of London ní ikọ̀ orí kẹ̀kẹ́ tó ń gba irú wọn. Owó ìtanràn ẹni tó wakọ̀ láìní ìnṣọ́ránsì jẹ́ £300, pẹ̀lú pọ́íǹtì mẹ́fà. Bí ó bá dé kóòtù, owó náà kò ní òpin, adájọ́ sì lè gba láísẹ́ńsì.

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Pọ́íǹtì mẹ́fà yìí, orí láísẹ́ńsì mọ́tò yín ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ lẹ rò pé ẹ gùn. Bí ẹ kò bá tíì pé ọdún méjì tí ẹ yege ìdánwò ìwakọ̀ ní ilẹ̀ yìí, mẹ́fà ti tó kí láísẹ́ńsì náà lọ. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé ẹ̀kọ́ṣẹ́ padà. Ọdún mẹ́rin ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ á fi wà níbẹ̀, ìnṣọ́ránsì mọ́tò yín á sì gbówó lórí. Bí kóòtù bá dá yín lẹ́bi, ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gba ìwé ọmọ ìlú. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn máa ń kan àwa tí a wá láti ilé ju bó ṣe ń kan àwọn ẹlòmíràn lọ.

Síbẹ̀, gbogbo èyí kò tó ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù. Ká ní ìyá arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀ lójú títì, ẹ gbá a, ó kán nítan. Bí ó bá jẹ́ EAPC lẹ wà lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni, ìnṣọ́ránsì ilé àwọn míì tiẹ̀ máa ń gbà á. Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti ṣí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí kò ní ìnṣọ́ránsì ni. Àjọ Motor Insurers' Bureau á sanwó fún ìyá náà, wọ́n sì lè yíjú padà sí yín láti gba owó wọn. Irú owó bẹ́ẹ̀ lè jẹ yín lẹ́sẹ̀ fún ogún ọdún.

Ẹ lè wá bi mí pé: ṣé kò wá sí ọ̀nà tó tọ́ láti gun èyí tó ń sáré 28 ni? Ó wà. Wọ́n ń pè é ní speed pedelec, ìsọ̀rí L1e-B ló wà, pẹ̀lú alùpùpù kékeré. Kẹ̀kẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti ilé iṣẹ́ wá pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí pé ó yege àyẹ̀wò; bí kò bá ní in, ẹ ó gbé e lọ ṣe àyẹ̀wò ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kó dán wò pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ £1,150. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní DVLA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó nọ́ńbà ọkọ̀ àti láísẹ́ńsì, ẹ ó so nọ́ńbà mọ́ ọn nídìí, ẹ ó ra ìnṣọ́ránsì. Ilé iṣẹ́ tó ń ta ìnṣọ́ránsì irú rẹ̀ kò pọ̀. Bí ẹ bá gba láísẹ́ńsì mọ́tò ṣáájú February 2001, ó ti tó. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ kan tí wọ́n ń pè ní CBT. Láísẹ́ńsì Nàìjíríà kò ṣe é pààrọ̀ fún ti ibí. Ọdún kan péré lẹ lè fi wakọ̀ lórí rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti di olùgbé ilẹ̀ yìí, irú ọkọ̀ tó bá sì wà lójú ìwé náà nìkan lẹ lè wà.

Akoto alùpùpù ni ẹ gbọ́dọ̀ dé, kì í ṣe ti kẹ̀kẹ́. Ẹ ronú rẹ̀ ná: ẹ ń fi ẹsẹ̀ wà á, akoto bí ìkòkò ìrẹsì wà lórí yín, nínú oṣù keje. Ẹ kò sì lè gba ọ̀nà kẹ̀kẹ́ mọ́. Àdán ni nǹkan yìí lójú òfin, kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ, ẹrù àwọn méjèèjì ló sì ń rù.

Àwọn aládùúgbò wa tó wà lókè òkun kékeré yẹn ti gbìyànjú ju wa lọ. Òfin 168 ti 2013 ni gbogbo ilẹ̀ EU (Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù) fi dá ìsọ̀rí náà mọ̀, kìlómítà 45 ni òpin eré rẹ̀, 28 tí à ń sọ náà nìyẹn. Kálukú wá ṣe tirẹ̀ lórí ibi tó lè gbà. Bẹ́ljíọ̀mù fún un ní ìsọ̀rí tirẹ̀ ní 2016: níbi tí eré ọkọ̀ bá ti ju kìlómítà 50 lọ, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ni kó gbà, níbi tí kò bá ti jù bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó gùn ún yan èyí tó wù ú. Ó bọ́gbọ́n mu, òun ni mo rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ ń lò jù. Nẹ́dálándì sọ ọ́ di alùpùpù kékeré pátápátá láti January 2017, pẹ̀lú nọ́ńbà aláwọ̀ ìyeyè, àmọ́ wọ́n ṣe akoto fúyẹ́fúyẹ́ kan fún un lọ́tọ̀. Jámánì lé e kúrò ní ọ̀nà kẹ̀kẹ́, àfi ìlú bíi Tübingen tó ṣí díẹ̀ nínú tirẹ̀ fún un. Kò sí èyí tó sọ pé kí ẹ máa gùn ún láìní láísẹ́ńsì nínú àwọn mẹ́ta yìí. Tèmi ni pé ó yẹ kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wo ti Bẹ́ljíọ̀mù ṣe. Ṣùgbọ́n wọn kò bi mí.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òfin ti fẹ́ yí padà, ìtàn 2024 ló gbọ́ ní ìdajì. Ìjọba béèrè lọ́wọ́ ará ìlú lọ́dún náà bóyá kí wọ́n gbé 250 lọ sí 500, kí wọ́n sì jẹ́ kí ọwọ́ tí à ń lọ́ máa gbé kẹ̀kẹ́ dé 15 àtààbọ̀. Ní January 2025 wọ́n ní àwọn kò ní bá a lọ. Ẹ sì kíyè sí i pé kò sí ọ̀rọ̀ eré nínú ìbéèrè yẹn rárá. Kò sẹ́ni tó dábàá 28.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ọ̀nà yín. Láti Thamesmead dé Lewisham, bíi máìlì mẹ́jọ ni. Lórí EAPC, pẹ̀lú iná títì àti òkè, ẹ ó máa rìn tó máìlì 12 láàárín wákàtí kan, ìyẹn bí ogójì ìṣẹ́jú. Bọ́ọ̀sì ń gba àádọ́rùn-ún. Lórí èyí tó ń sáré 28 tó sì bófin mu, pátákó 20 tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn ti wá ń bá yín wí, torí ọkọ̀ ẹ̀rọ lẹ ń wà. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ etí odò àti ti Ridgeway tó ti Thamesmead wá sí Plumstead ti dí mọ́ yín. Ẹ ó wà láàárín bọ́ọ̀sì àti tírélà ní Woolwich, ẹ ó dúró ní gbogbo iná tí wọ́n bá dúró. Mo fojú bù ú pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ẹ ó fi yára ju EAPC lọ. Mi ò rí ìdí tí èèyàn á fi tìtorí ìṣẹ́jú mẹ́wàá wọ gbogbo wàhálà tí mo kà sílẹ̀ yìí. (Ridgeway yẹn, ọ̀sán nìkan o. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti iṣẹ́ òru, ẹ gba títì tó níná.)

Ẹ bi ibi iṣẹ́ yín bóyá wọ́n ní ètò Cycle to Work, èyí tó ti wà láti 1999. Wọ́n á yọ owó kẹ̀kẹ́ nínú owó oṣù yín kí owó orí tó wọ̀ ọ́, EAPC sì wà nínú ohun tó ń gbà. Ìdènà kan wà tí wọn kì í sábà sọ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú: owó tí wọ́n bá ń yọ kò gbọdọ̀ mú kí owó wákàtí yín wálẹ̀ ju iye tó kéré jù tí òfin ní kí wọ́n san lọ. Bí owó yín bá wà ní etí ibẹ̀ gan-an, wọ́n lè ní àwọn kò lè ṣe é. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀, wọn kò ṣe ìlara yín, òfin ló dè wọ́n.

Ti bátìrì, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ṣájà tó bá a wá ni kí ẹ lò, ẹ má fi í sórí ṣájà kí ẹ sì sùn, ẹ má gbé e sí ẹnu ọ̀nà tí ẹ ó gbà sá jáde bí iná bá sọ. Láti oṣù kẹta 2025 sì ni TfL, àjọ ìrìnnà Lọ́ńdọ̀nù, kò ti gba kẹ̀kẹ́ oníná tí kò ṣe é ká sínú ọkọ̀ ojú irin wọn mọ́, nítorí náà ẹ má fi sínú ìṣirò pé bí òjò bá dé ẹ ó gbé e wọ Elizabeth line.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan fún ọ̀gbẹ́ni yẹn, ẹ ní kó fi fọ́tò ibi tí wọ́n kọ nǹkan sí lára ẹ̀rọ ránṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ fi agbára rẹ̀ hàn tàbí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà, pẹ̀lú agbára iná bátìrì (voltage) tàbí eré tó lè sá jù. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó kọ ọ́ sórí rìsíìtì, kó sì fọwọ́ sí i: “Bí mo ṣe ta kẹ̀kẹ́ yìí, EAPC ni, wáàtì 250, ẹ̀rọ rẹ̀ ń dákẹ́ ní máìlì 15 àtààbọ̀.” Bí ó bá kọ ọ́, tí kò sì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rẹ̀, ẹ rà á. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún yín pé gbogbo èèyàn ló ń gun irú rẹ̀, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.